Báńdéèjì Tó Wà Lórí Okùn Aṣọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn o, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ dópin, ó lè jẹ́ pé ńṣe lẹ máa fẹ́ bá mi wí.

Ajá bù mí jẹ. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Benin, àti pé Ìdànrè ni mò ń gbé báyìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Odòde. Ẹ ó ní ṣé ìyẹn náà ni ilẹ̀ òkèèrè? N kò sọdá òkun lóòótọ́, àmọ́ mo sọdá ààlà. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní Àgànyìn ti dé! Bí nǹkan bá sì ṣe ọ́ nílẹ̀ onílẹ̀, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n nítòsí. Onílé rẹ ni ẹbí rẹ.

Bàbá Ṣọlá ni onílé mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àgbẹ̀ kòkó ni, oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Àtòsin. Ìyá Ṣọlá, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń bu ọbẹ̀ pamọ́ dè mí bí mo bá pẹ́ níléèwé.

Ẹ sì mọ ìṣe mi. N kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, àmọ́ kò sí ohun tí n kò tíì kà lórí fóònù nípa ìtọ́jú ọgbẹ́. Mo ní àpótí kan tó jẹ́ pé mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí: òwú, sísọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjìlá, báńdéèjì oní mítà mẹ́rin ààbọ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye tí mo kà kò bára mu rí, mo sì ṣì ń bá àtẹ̀gùn náà bínú!

"Dókítà Faransé" ni Bàbá Ṣọlá ń pè mí. Yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá Ṣọlá fi àdá gé àtàǹpàkò òsì rẹ̀ níbi tó ti ń la kòkó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń là á kò ní yà á lẹ́nu. Ọwọ́ òsì ló ń di èso kòkó mú, ọ̀tún á sọ àdá sí i lára, á sì fi ẹnu àdá náà fa èèpo ya. Kò sí àgbẹ̀ kòkó tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní àpá. Mo fọ ọgbẹ́ náà, mo wọ̀n ọ́n (sẹ̀ǹtímítà méjì ó dín díẹ̀), mo gé báńdéèjì, mo wé e. Bàbá gbé àtàǹpàkò sókè, ó ń fi han gbogbo àdúgbò.

"Ẹ wá wò ó! Àgànyìn wé láwàní fún ìka mi!"

Ẹ fi Ọjọ́bọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo rí ajá kan tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ tàpólì tí wọ́n sá kòkó sí lójúde ilé wa. Ajá tí kò ní olówó ni. Pupa rúsúrúsú ni, ẹsẹ̀ òsì iwájú rẹ̀ funfun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wá síbẹ̀, bóyá nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń móoru. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo kà á pé eyín ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ajá. Kí ni mo ṣe? Mo tẹ̀ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ìka méjì gbé ètè rẹ̀ sókè. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn sí ohun tó ń sùn? Èmi ni!

Mo ti rí eyín iwájú mẹ́rin kí ó tó jí. Ó bù mí jẹ láàárín àtàǹpàkò àti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Mo kígbe.

Bàbá àti Ìyá Ṣọlá sáré jáde. Bàbá bi mí pé kí ni mo fi ṣe ajá náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní n kò fi nǹkan kan ṣe é. Mo ní mò ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni, ó kàn fò mọ́ mi!

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti pa irọ́ yẹn. Dókítà Faransé ni mí, àbí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lójú gbogbo ayé pé eyín ajá ni mò ń kà?

Bàbá Ṣọlá mú igi. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kó ṣe é. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ńṣe ni wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá ní ọjọ́ kẹwàá, a jẹ́ pé kò sí àrùn dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ọ́ jẹ. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní èyí rí, mo tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó.

Ẹnu mi wà ní pípadé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá lù ú.

Mo wọlé, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré. Fóònù ni mo fi ka àkókò. Nígbà tí mo jáde láti lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, Bàbá ti ń wi ajá náà lẹ́yìnkùlé. Ẹran ajá kì í ṣe èèwọ̀ fún un, kì í sì í fi ẹran ṣòfò. Ó ti la orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí báńdéèjì mi lórí okùn aṣọ, láàárín ìró Ìyá Ṣọlá àti táwẹ̀lì mi. Bàbá ti tú u.

Ó ní kó má baà dọ̀tí ni. "Ṣé nǹkan funfun báyìí ni èèyàn fi ń kun ẹran?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn pé ó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ojú mi rí báńdéèjì yẹn, àmọ́ ọkàn mi kò rí i. Ọwọ́ ara mi nìkan ni mò ń rò.

Ní Àkúrẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó wọ gíláàsì ojú ló tọ́jú mi. Ó bi mí pé ajá náà dà. Ojú tì mí láti sọ pé èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá lórí ni mo dúró tí wọ́n pa ajá. Mo ní ó sá lọ. Ó tún bi mí pé ṣé ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá. Ta ló máa fọwọ́ kan ajá tó ti sá lọ? Irọ́ kìn-ín-ní ló bí ìkejì, ìkejì ló bí ìkẹta, gbogbo wọn kò sì ju wákàtí mẹ́ta lọ láyé.

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ yí ojú ọgbẹ́ ká, ó tún gún mi lápá. Ó kọ ọjọ́ tó kù sínú káàdì, láì ka Sátidé yẹn mọ́ ọn: ọjọ́ kẹta, ìkeje, ìkẹrìnlá, ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Mo dúpẹ́, mo wá sílé, mo sùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sùn!

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ kẹta, mo padà lọ. Mo mú báńdéèjì tèmi dání, nítorí n kò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń lò. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó yí i wò.

"Màdáámù, ẹ̀yin náà ti ní ilé ìwòsàn tiyín nìyẹn. Ta lẹ ti gé lára èyí fún?"

Mo ní, "Onílé mi ni. Ó fi àdá gé ọwọ́ níbi tó ti ń la..."

Okùn aṣọ yẹn ló yọ sí mi lójú. Ọgbẹ́ ọlọ́jọ́ méjì, láìwé, nínú ẹnu àti orí ajá!

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kò pọn dandan kí ajá bu èèyàn jẹ, bí itọ́ rẹ̀ bá ti kan ojú ọgbẹ́, ó ti tó. Ó ní bí dìgbòlugi bá fi lè farahàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń dá a padà mọ́.

"Ẹ sì mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ lọ mú Bàbá wá. Lónìí."

Mo pe fóònù Bàbá títí, kò lọ. Àtòsin ló wà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní oko rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo tún fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Mo bá òun àti Ìyá Ṣọlá lẹ́bàá àhéré, wọ́n ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí kòkó tí wọ́n bò kó lè kan, wọ́n ń yí i. Ọwọ́ òsì Bàbá wà nínú kòkó dé ọrùn ọwọ́. Mo bi í pé báńdéèjì ńkọ́. Ó fọwọ́ lu àpò ṣòkòtò rẹ̀: ó ti ká a pamọ́ di ọjọ́ Ìsinmi, kó lè wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Mo ṣàlàyé. Mo sọ nípa itọ́, mo sọ nípa iṣan, mo sọ bí àrùn náà ṣe ń gbabẹ̀ rìn dé ọpọlọ. Bàbá ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́.

"Dókítà, mo ti ń jẹ ajá kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Kò tíì sí èyí tó gbó nínú mi."

Ó ní òjò ti ṣú, kòkó wà nílẹ̀, òun kò ní àyè abẹ́rẹ́ kankan.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti tán. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé kòkó. Mo sọ fún un pé ajá yẹn kò fò mọ́ mi. Mo ní ó ń sùn ni, èmi ni mo ya ẹnu rẹ̀. Mo ní mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó sá lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè Bàbá, tí ọjọ́ mẹ́ta fi kọjá.

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó rì í sínú garawa omi, ó ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo rò pé mò ń gbèjà rẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju eyín ajá lọ.

Ìyá Ṣọlá ló gbà wá sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ṣọlá, ẹ wọ bàtà yín. Èmi á bo kòkó. Àbí ìgbà tí ẹ bá ń gbó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n tó wá fi okùn fà yín?" Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà, dìde. Ìkúnlẹ̀ kọ́ ló ń pa àrùn."

Bàbá wọ bàtà rẹ̀, a jọ lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tán, ó bi nọ́ọ̀sì pé ṣé àìsàn wà lára ajá náà lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, a kò lè mọ̀ mọ́. Ajá nìkan ló lè sọ fún wa, ẹ sì ti jẹ ẹ́."

Mo tẹ̀lé Bàbá lọ gba gbogbo abẹ́rẹ́ márààrún. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọjọ́ tirẹ̀ àti tèmi kò bọ́ sí ọ̀kan náà mọ́, nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi pamọ́ wà láàárín wa lórí káàdì méjèèjì. A ti parí rẹ̀, ara wa le, a dúpẹ́. Láràárọ̀ báyìí, Bàbá á dúró lójúde, á ké sí mi pé, "Dókítà Faransé, n kò tíì gbó o!" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Kí ni mo rí kọ́? Bí ẹranko bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ẹranko náà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n! Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìmọ̀ tí èèyàn fi ń gba oyè, tí kò lè fi sọ òótọ́, kò yàtọ̀ sí báńdéèjì orí okùn. Ó funfun, kò sì wúlò fún ọgbẹ́ kankan. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí, pé ẹ mọ ohun tó tọ́, ojú sì tì yín láti sọ ọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.

Ó ku ẹyọ kan. Ní ìjẹta, ajá mìíràn wá, dúdú kékeré kan, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàpólì, ibi tí ajá àkọ́kọ́ máa ń sùn sí gan-an. Bàbá Ṣọlá jókòó lórí àpótí rẹ̀, kò mú igi. Ó wo ajá náà, ó wò mí, ó ní:

"Dókítà, mo bẹ̀ ọ́. Má ka eyín eléyìí."