Fáráò Kẹrin

Ní Ìlaro, ẹni tó bá ṣe Fáráò tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa, ọ̀dọ̀ Màmá Sàlímọ́tù ni yóò lọ. Mùsùlùmí ni màmá yìí, gàrí ló ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún, lọ́jọ́ ìkórè, nítorí eré olórin Mósè àti Fáráò. Àga iwájú ni tirẹ̀. Bó bá ti dájọ́, bíṣọ́ọ̀bù gan-an kò lè yí i padà.

Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó Nathaniel Fágbénró. Tíṣà ni, ogún ọdún ló sì fi jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ sétí eléré tó bá gbàgbé. Fáráò mẹ́ta ló kọjá lójú rẹ̀. Bàbá Akínbọ̀wálé ni àkọ́kọ́: bí bàbá bá gbé ohùn sókè, àwọn ará Ilobi, ìlú mìíràn, á sáré kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá wọlé, wọ́n á ní òjò dé. Ọmọ́délé kò lóhùn, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn ọba. Ìyálọ́mọ kan fún ọmọ lọ́mú nígbà tí Ọmọ́délé gbéra lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó dé orí ìtẹ́, ọmọ náà ti ń jẹ ẹ̀bà. Ti Bánjí ni ẹ̀rín. Bó bá rẹ́rìn-ín ìkà rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko làwọn ọmọdé fi ń tọ̀ sórí ẹní.

Màmá Sàlímọ́tù ní, "Akínbọ̀wálé ló lóhùn, Ọmọ́délé ló lẹ́sẹ̀, Bánjí ló lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni Fáráò."

Ní 2019, wọ́n ti bodè pa. Ìpóbẹ̀ ní òdì kejì ni Bánjí ń gbé. Ó pe Fágbénró lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aṣọ́bodè ní n padà. Mo kọrin Fáráò fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé eléré ni mí. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ sílé." Bàbá Akínbọ̀wálé ti kú. Ọmọ́délé ti di pásítọ̀, ó ní ẹ̀mí òun kò gba Fáráò mọ́. Ni wọ́n bá gbé adé lé Fágbénró lórí, òun tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti A dé Y. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé yìí: kí Màmá Sàlímọ́tù ka òun mọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lóòótọ́. Ohùn há sí i lọ́fun, aṣọ ọba kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín di ikọ́.

"Tíṣà, ikọ́ yẹn ń fẹ́ àgbo o!" Màmá Sàlímọ́tù ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Mósè wá kọrin pé kí Fáráò jẹ́ kí àwọn èèyàn òun kọjá. Orí Fágbénró ṣófo. Ó wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kí wọ́n rán an létí. Àga ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Àga tirẹ̀ ni!

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni aṣọ́bodè tó jókòó sídìí okùn tí wọ́n ta dí ojú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn, tó dá a padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láìwo ojú rẹ̀. Fágbénró jókòó. Ó ń tayín. Ó ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́:

"Ẹ padà."

Mósè tún kọ ọ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀.

"Mo ní ẹ padà."

Ọ̀rá omi kan fò wá, ó bà á nígbá àyà gbàmù. Màmá Sàlímọ́tù ti dìde: "Ìwọ ni! Ìwọ lo gba àpò ìrẹsì mi mẹ́ta!" Èèyàn mẹ́rin ló di màmá mú.

Lọ́jọ́ kejì, Fágbénró lọ ra gàrí. Màmá Sàlímọ́tù wọn kóńgò kan, ó fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Láti ọjọ́ tí màmá ti ń tajà, kò tíì sẹ́ni tí kò fún ní èènì rí, títí kan olè tó jí òṣùwọ̀n rẹ̀.

"Màmá, èènì mi ńkọ́?"

"Èènì ta ni? Àwọn mẹ́ta yẹn ṣe Fáráò, mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìwọ, kúrò lójú mi!"

Fágbénró gbé gàrí rẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti ibẹ̀ dé ilé rẹ̀. Wákàtí kan ló fi rìn ín, ìrìn ọba.