Ọjọ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Ta Sílẹ̀ Nídìí Ààrò Búrẹ́dì

Títí di òní, bí mo bá gba Sábó kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná fẹ́ sí mi nímú, ṣe ni eyín mi máa ń wa pọ̀. Ẹlòmíì á gbọ́ òórùn yẹn, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Tèmi, ìjà ló máa ń wá sí mi lára. Ilé búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí mi sí. Èmi ni mo ń po ìyẹ̀fun. Ọ̀gá wa kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Páànù jábọ́, ìgbájú. O fara ti ògiri, ìgbájú. Ó ní ojú òṣìṣẹ́ kì í là àfi bó bá rí ìràwọ̀ ọ̀sán gangan.

Kò sí ọjọ́ ìsinmi kankan níbẹ̀, àwa fúnra wa la wá dá ọgbọ́n sí i. Bó bá di ọ̀sán Jímọ̀, àwa aládùúrà á di iṣẹ́ àwọn mùsùlùmí mú kí wọ́n lè lọ kírun. Bó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn náà á di tiwa mú. A kò jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́, torí pé bó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ìwọ̀nba ìmí tí à ń mí yẹn náà á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá aláàrò, ẹni tó ń yan búrẹ́dì, ni mo máa ń dúró fún. Bàbá yìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó máa ń fọwọ́ pa búrẹ́dì lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bó bá ń lọ, á ní, "Ìyá Ìjọ, mò ń lọ bá ẹ tọrọ ọkọ gidi lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má jẹ́ kí búrẹ́dì mi jóná o."

Ní Jímọ̀ kan, ọ̀gá tó sọ pé Ìbàdàn lòun ń lọ ṣàdéédéé já lù wá. Kò bá Bàbá nídìí ààrò, èmi ló bá. Kò tíì bi mí léèrè Bàbá tán tí Bàbá fi wọlé dé, tòun ti jalabíà funfun lọ́rùn. Ọ̀gá já igi gbọọrọ tí a fi ń kó búrẹ́dì jáde gbà lọ́wọ́ mi, ó sì là á mọ́ Bàbá lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú Bàbá, ó ṣàn sórí aṣọ ìrun rẹ̀.

"Olè! Ẹ ń jí àkókò mi!"

Ó tún gbé igi náà sókè. Mi ò mọ ìgbà tí mo ki páànù mọ́lẹ̀. Mo fi gbá a lẹ́nu, ó ta mí nípàá níkùn, mo ṣubú lu àpò ìyẹ̀fun, mo tún dìde sí i. Àwọn yòókù ti rọ́ bò ó, ẹ̀ṣẹ́, bàtà, èékánná. Ṣé kí n purọ́ fún ẹ ni? Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Àwọn ará àdúgbò ló là wá. Wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: wọ́n ní kí Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, pé ọ̀gá kì í jẹ̀bi. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀!

"Èmi? Ojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọmọ yìí lórúkọ."

"Ẹ ṣáà dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ẹ ro ti oúnjẹ àwọn ọmọ yín."

Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi sì bà jẹ́ gan-an. Ìgbà yẹn gan-an ni èéfín rú jáde látinú ààrò. Bí òórùn náà ṣe kàn án nímú, ó nàró, ó gba àárín wa kọjá, ó mú igi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrẹ́dì jáde. Ó ń rọra tò wọ́n bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Mo pariwo, "Ẹ jẹ́ kó jóná, Bàbá!"

"Búrẹ́dì ò ṣẹ̀ mí."

Nígbà tó kó wọn jáde tán, ó ju igi náà síwájú ọ̀gá tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ètè wíwú. "Ó yá, máa yan án lọ." Ó jáde. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Mo ti ní ilé búrẹ́dì tèmi ní Ọ̀yọ́ báyìí, kékeré ni, ojú gbangba la sì ti ń lọ sinmi. Nígbà tí mo ṣí i, mo padà lọ wá Bàbá. Ilé onílé ló ń ṣọ́, ẹnu géètì ni mo ti bá a. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa yan búrẹ́dì fún wa, pé òun la ó máa pè ní ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. Ó ní bí òun bá ti rí iná ààrò, ṣe ni ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n.

Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ọ̀gá wa àtijọ́ nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ orí Bàbá ti jinná. Nínú àdúrà mi, gbogbo ẹni tó ń jí jáde lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa ń tọrọ ayọ̀ fún, torí mo ti wá mọ ohun tí nínà yẹn bà jẹ́. Ọ̀gá yẹn ò na Bàbá torí pé ó ya ọ̀lẹ. Ó na ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ jù nínú wa, títí ohun tó fẹ́ràn fi di ohun tó ń bà á lẹ́rù.