A Kì Í Dúpẹ́ Oògùn

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìdímù, tí ilẹ̀ àárín ilé kan sí èkejì ṣì jẹ́ ibi tí ewé ń hù sí, ìyá bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa gbé lọ́dọ̀ wa. Orúnkún ló gbé wọn wá. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún wú, ó gbóná, ó sì ń dán bí ohun tí a fi epo pa. Ariwo Èkó kò ni wọ́n lára. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọn kò lè kúnlẹ̀ kírun mọ́. Orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí. Bí wọ́n bá parí, wọn a ní, "Ẹ wò mí níwájú Ọlọ́run, mo jókòó gẹlẹtẹ bí ìyá ọkọ!" A ó rẹ́rìn-ín, àwọn náà a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn a fi etí ìbòrí nu ojú.

Bàbá mi gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò dáadáa, ó ní egungun kò ṣẹ́, oríkèé ló wú. Oògùn oníhóró tó fún wọn dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta wọ́n níkùn, débi pé dókítà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Aládùúgbò wa kan wà, obìnrin aránṣọ tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti ọmọ tí ìyá àgbà lè bí lọ. Wọ́n wa atalẹ̀ pupa lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n gún un, wọ́n pò ó mọ́ òrí, wọ́n sì fi pa orúnkún náà. Wọ́n wá na ewé lárà sórí ẹyin iná títí ó fi rọ̀, wọ́n sì fi wé e.

Ibi tí wọ́n ti ń so ó ni bàbá mi ti dé láti ibi iṣẹ́. Inú wọn dùn. "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun gan-an ni!"

Gbogbo wa yíjú sí wọn. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí pé ẹni tó gba oògùn kì í dúpẹ́. Àwọn àgbà gbà pé bí a bá ti dúpẹ́ rẹ̀, kò ní í jẹ́ mọ́.

"O ti bà á jẹ́!" ni ìyá àgbà ké.

"Màmá, 'ẹ ṣeun' lásán ni mo sọ."

"Lásán kọ́, orúnkún mi ni!"

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n tú ewé náà dànù, wọ́n tún lọ wa atalẹ̀ tuntun. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe jàre. Bọ̀dá, ẹ wọlé, ẹ lọ jẹun tiyín."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni wíwú náà ń fà, gbogbo ìró ìyá àgbà sì di pupa rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n bí ara ti ń tu wọ́n ni ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹni tí a kọ́ nílé ni wọ́n, bí wọn ó ṣe máa gba oore kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́ kò yé wọn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì wo ọpọ́n náà tìfura-tìfura: "Màmá, ṣé kì í ṣe torí oògùn?" Ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì ń bọ̀ láti wá wo ẹsẹ̀. Ìyá àgbà jáde pàdé wọn, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì."

"Yéè! Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ dìde!" Ìyá Ìbejì náà ti wó lulẹ̀ lórí eékún.

"Ṣé mo dúpẹ́ ni? Ẹ káàárọ̀ ni mo ní. Àbí ẹ kì í kí ara yín láàárọ̀ níbí?"

Àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ní ìrun ọ̀sán, ìyá àgbà ti àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì fi iwájú orí kanlẹ̀.

Kí ẹ má ṣe kọ́ èyí lára wọn o: àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ má sì torí ìtàn mi kọ dókítà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí ẹ ń lò, nítorí ewé kan lè bá oògùn rẹ̀ jà. Àwọn onímọ̀ ti yẹ atalẹ̀ pupa wò, wọ́n ní èròjà tó mú inú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń pẹ̀tù sí wíwú.

Ọgbà ti yí gbogbo ilé ká báyìí, sìmẹ́ńtì ti bo ẹ̀yìnkùlé. Orúnkún tèmi náà ti ń dùn mí. Atalẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ni mo ń rà ní Ìkọ̀tún, ó sì dára. Èmi nìkan ni mo máa ń pa á fún ara mi.