Ogójì Ọjọ́ Láìfárí

Ní ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìjọba wọn kalẹ̀ ní Ìlọrin, kò sí ọkùnrin kan ní agbo ilé ọkọ mi tí kì í fá orí rẹ̀ kodoro. Ní gbogbo ọjọ́ Alámísì, onígbàjámọ̀ a tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi, wọn a sì máa jókòó síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Jímọ̀ má baà bá irun lórí wọn. Nítorí náà, ẹni tí orí rẹ̀ pá àti ẹni tí irun rẹ̀ dí bí igbó, bákan náà ni wọ́n rí lójú ayé.

Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ni mo ṣàkíyèsí pé abẹ kò ní iṣẹ́ kankan láti iwájú orí ọkọ mi títí dé àtàrí. Olùkọ́ kéwú ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti kàwé ní Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sì gbà pé kò yẹ kí àbùkù kankan wà lára ọkọ tèmi.

Mo lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta egbòogi ní Ọjà-Ọba. Ó wọn àgúnmu èèpo igi kan fún mi, ó ní kí ọkọ mi máa fi mu ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀ fún ogójì ọjọ́.

Mo bi í pé, “Ìyá, ṣé ó máa ń hu irun lóòótọ́?”

“Ọkọ tèmi náà mu ún.”

“Irun rẹ̀ sì hù?”

“Ó kú kí ó tó mu ún tán.”

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa lọ. Ohun tí èmi rò ni pé a kò tíì dán oògùn náà wò bí ó ti yẹ. Mo rà á, mo sì fi òfin tèmi kún un: abẹ kò gbọdọ̀ kan orí ọkọ mi títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, nítorí bí a bá ń fá a, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí ó hù?

Ọkọ mi wò mí, ó ní, “Ìyàwó, ṣé orí mi ni oko tí wọ́n kọ́ ọ láti dá ní Èkó?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Oògùn náà korò, ó sì ń da inú rẹ̀ rú. Lóròòwúrọ̀ ni ó ń mu ún, èmi a sì ṣí fìlà rẹ̀, n ó kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé kan. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, irun ti kún lókè etí àti lẹ́yìn orí rẹ̀. Àárín kò hu nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, tí ó bọ́ sí Jímọ̀, ìròyìn dé pé wọn yóò wé láwàní fún ọkọ mi àti àwọn álífáà ọ̀dọ́ méjì mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán. Láàárín àwọn álífáà, ọjọ́ tí a bá wé láwàní fún ènìyàn ni a fi ń ka àgbà rẹ̀.

Ó ní, “Jẹ́ kí n fárí. Wọn yóò ṣí fìlà mi kí wọ́n tó dé tuntun.”

Mo ní, “Álífáà, ó ku ọjọ́ méje péré. Bí ẹ bá fá a báyìí, gbogbo ìyà tí ẹ ti jẹ di asán.”

Ó lọ bẹ́ẹ̀. Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn ògiri mọ́ṣáláṣí, à ń wò wọ́n. Álífáà àgbà tí yóò wé láwàní fún wọn ṣí fìlà ọkọ mi. Lójú ẹsẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi kan pariwo pé, “Háà! Ta ni ó sọ ọgbà yí pápá ká?” Ẹlòmíràn dáhùn pé, “Kí ewúrẹ́ má baà jẹ ibi tí kò sí koríko ni!” Ẹ̀rín sọ. Álífáà àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dá fìlà padà sí i lórí, ó ní, “Lọ fárí, ọmọ mi. A ó wé tìrẹ ní ọjọ́ mìíràn.” Ó sì wé láwàní fún àwọn méjì tó kù.

Bàbá náà kú kí ọjọ́ mìíràn tó dé. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ẹlòmíràn tó wé láwàní fún ọkọ mi, àwọn méjì yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní kéwú, sì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ayé. Wọn a jókòó síwájú rẹ̀ níbi ayẹyẹ wàlímọ̀, wọn a ṣe àdúà kí ó tó ṣe tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ṣí fìlà rẹ̀ náà, ọkọ mi wọlé, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ rí pé aya rẹ̀ ni ó ní kí ó má fárí. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé oògùn náà ti tó báyìí?”

Mo dáhùn pé, “Ó ku ọjọ́ méje.”

Ó mu ún fún ọjọ́ méje náà. Nígbà tí ogójì pé, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò sí ohun tí ó hù. Ó ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀, ó fárí. Láti ọjọ́ náà, kò ṣí fìlà lójú mi mọ́, kódà nínú yàrá, bí ooru ti wù kí ó mú tó. A gbé pọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí i. Lójoojúmọ́ ni mo lè sọ fún un pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kí ó forí jì mí. N kò sọ ọ́.