Bí Mo Ṣe Fi Télọ̀ Wa Pààrọ̀ Ọkùnrin Gíga

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú a máa tì mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ balógun ikọ̀ básíkẹ́tì àdúgbò wa ní Òkokomaikò. Balógun, ìyẹn kápútẹ́nì, ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má bi mí léèrè ogun tí mo jà. Ọdún méjì tẹ̀léra la fi gbẹ̀yìn nínú ìdíje tí àwa, Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Àjàngbàdì máa ń ṣe, síbẹ̀ bí mo bá ń rìn lọ lójú títì, ẹ ó rò pé ife ẹ̀yẹ wà lábẹ́ abíyá mi.

Ìdíje yẹn ní òfin tirẹ̀. Ẹni tuntun kò lè dédé wọ ikọ̀. Ní Sátidé kan ṣáájú ìdíje, gbogbo àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á tò sórí pápá, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì yan ẹnì kan ṣoṣo. Ikọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ yàn, kí ìyà rẹ̀ lè dínkù. Ẹni tí wọn ò bá yàn á padà sílé di ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kò lè tò mọ́.

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa, ọkùnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ tó ń ṣọ́ ọ ni wàá máa wá ara rẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọdún yẹn nìkan ló kù fún un. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá máa ń rán ènìyàn wá wo ìdíje wa, wọn a sì gba ẹni tó bá dáńgájíá síṣẹ́ kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Iṣẹ́ yẹn ni télọ̀ ń fojú sọ́nà fún, nítorí aṣọ rírán kò bọ́ òun àti ìyá rẹ̀ yó. Èmi fúnra mi ni mo ṣèlérí pé òun la máa yàn. Ìlérí yẹn ló gbára lé tó fi rán aṣọ eré fún gbogbo wa láìgba kọ́bọ̀, ó sì fi tirẹ̀ ṣe ìkẹyìn, bí àwọn télọ̀ ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, balógun Ìbà wá bá mi. Ọmọ yunifásítì ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ó ní ẹni gíga méjì làwọn ní, ọ̀kan ti tó àwọn. Bí a bá fún àwọn ní àǹfààní kan ṣoṣo tí a ní láti yan ẹni tuntun, àwọn á fún wa ní ìkejì. Ọkùnrin náà ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe rí i, mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ.

A pe ìpàdé. Àgbàlagbà ará Èkìtì kan ló ń kọ́ wa ní eré, olùkọ́ ni wọ́n, wọn kò sì fara mọ́ ọn rárá.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni wọ́n wí. "Ẹni gíga yìí á dúró sábẹ́ agbọ̀n. Ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ má bínú sà," mo fèsì, "a lè kọ́ èèyàn bó ṣe máa gbé bọ́ọ̀lù, àmọ́ a ò lè kọ́ ọ kó ga."

Mo rò pé ọgbọ́n ni mo sọ. Ẹni méjì ní ká yan télọ̀, ẹni méjì ní ká gba ẹni gíga. Ìbò tèmi ló kù, mo sì nawọ́ fún ẹni gíga.

Ó yẹ kí n lọ sọ fún télọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà délé. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹni gíga kò tíì láṣọ, mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Télọ̀ gun àpótí kí téèpù rẹ̀ lè dé èjìká ọkùnrin náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kápútẹ́nì, ọ̀gá yìí náà máa bá wa gbá a? Ó dáa o. Àmọ́ aṣọ ti tán. Tèmi tí mo ti gé yìí nìkan ló kù."

Mò ń wo òwú tó wà nílẹ̀. Ó wò mí títí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí.

"Ṣé tèmi ni kí n fi rán an?"

"Àwọn yòókù ló dìbò," mo wí. "Wọn ò gbọ́ tèmi. Èmi nìkan ni mo dìbò fún ẹ."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ló wí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú aṣọ tirẹ̀, ó lẹ aṣọ aláwọ̀ mìíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó lè gùn tó, ó sì rán an níṣojú wa.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì lọ tò sórí pápá. Ìbà fi àǹfààní tiwọn àti tiwa yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ọ̀jọ́ àti Àjàngbàdì ti mú ẹlòmíràn lọ́kàn tẹ́lẹ̀, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé tiwa ni télọ̀. Nígbà tí wọ́n yàn tán, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Ipò kẹta la ṣe. Ẹni gíga dúró sábẹ́ agbọ̀n lóòótọ́, bọ́ọ̀lù kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Àpápá sì torí gíga rẹ̀ gbà á síṣẹ́ kí ìdíje tó parí. Àwọn àgbà ní kò yẹ ká torí pé a fẹ́ jẹ ẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Èmi pè é, mi ò sì rí ẹran jẹ.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo pàdé télọ̀ ní Ìbà. Orí rẹ̀ ti funfun, aṣọ ló ṣì ń rán. Ó fà mí wọlé, ó fi mí jókòó sórí àga tirẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Kápútẹ́nì tí mo máa ń sọ fún ẹ nìyí. Nígbà tí gbogbo wọn kọ̀ mí, òun nìkan ló dúró tì mí."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé kò tọ́pẹ́.

Irọ́ àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbọ́n ló pa á, mo sì lè wá àwíjàre fún un. Èkejì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ló pa á, lórí àga ẹni tí mo ṣẹ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.