Ìlọrin Kò Dáhùn

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, ilé ìwòsàn kan ní Òsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò níbẹ̀. Àwọn aláàánú kan ló fi ta wá lọ́rẹ, kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè máa ti ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin gba wáyà tẹlifóònù wọlé, kí aláìsàn má baà máa wọ bọ́ọ̀sì lọ gbà á. Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tí í darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní IPsec kún un, tó máa ń di ọ̀rọ̀ lẹ́rù kí ará ọ̀nà má lè kà á. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ méjèèjì: ẹni tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè bá sọ̀rọ̀, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n jọ ní. Bí tibí bá yàtọ̀ sí tọ̀hún, ó parí.

Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́.

Èsì ìyàwó bàbá àgbẹ̀ kan ní Kòrò la ń retí. Obìnrin náà ti rù kan eegun, a sì ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Bàbá máa ń gun ọ̀kadà wá, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

"Ọmọ mi, Ìlọrin ò tíì sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò tíì sọ, Baba. Ẹ ṣe sùúrù."

"Kò burú. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Mo yẹ kọ́kọ́rọ́ náà wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo yẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ tiwa àti tiwọn wò. Mo pa àdéhùn rẹ́, mo tún un kọ. Ohun tó rú mi lójú ni pé bí mo bá kí ẹ̀rọ Ìlọrin ní gbangba, á dáhùn. Bí mo bá ní ká wọ yàrá lọ sọ̀rọ̀ àṣírí, kò ní mín. Ẹ̀rọ wa á kọ ọ́ sójú gíláàsì pé òun ti ránṣẹ́, òun ò rí èsì, òun tún ránṣẹ́.

Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, dúró lẹ́yìn mi. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án kó tó dákẹ́, mà."

A tẹ Ìlọrin láago. Fóònù dún títí, ẹnì kankan ò gbé e. Nígbà tó sú wa, èmi àti Bàbá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tọ̀hún fi ìjókòó lọ̀ wá. "Ẹ̀yin lẹ wá láti Òsì? Ẹ má bínú. Wọ́n ní ká yọ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kúrò. Mo ti pa àdéhùn yín rẹ́ níbí."

"Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Mo rò pé ọ̀gá yín ti gbọ́ ni."

Kò sí ohun tí mo lè tún ṣe ní Òsì tí Ìlọrin ìbá fi dáhùn.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ní iná lọ, ẹ̀jẹ̀ náà bàjẹ́ nínú fìríìjì. Wọ́n ní àwọn kò gba ẹ̀jẹ̀ àfiránṣẹ́ mọ́, ká gbé ìyá náà fúnra rẹ̀ wá.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, bí a ti kọjá Òmù-Àrán, Bàbá bi mí. "Ṣé ó lè jókòó nínú irú ọkọ̀ yìí?"

Kòtò ń gbé wa sókè sódò. "Kò lè jókòó, Baba."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti mátírọ́ọ̀nù lọ sí Kòrò. Ìyá náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó gbọ́ ohun gbogbo tán.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ nílé," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ wo ló kù lára mi tí wọ́n tún fẹ́ gbà?"

Bàbá kọjú sí ògiri. Mátírọ́ọ̀nù fi oògùn ìrora sílẹ̀, ó ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa fún un lò, kò sì ṣèlérí kankan. Ìyá ní kí n bá òun sún kẹ́tùlù mọ́ òun, òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo gbé e, kò sí omi nínú rẹ̀. Mo jáde lọ bu omi sí i.