Pínnì Ìbú, Pínnì Òró

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, owó ilé yàrá kan tí Ìyá Abẹ́rẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kò sí ẹni tó lé wọn. Kò sí ẹni tó bú wọn. Ejẹ́ǹtì onílé kàn dúró lórí àtẹ̀gùn, ó pe iye náà bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀, ó sì kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì.

Wọ́n ti gbé yàrá náà títí wọ́n fi mọ bí a ṣe ń gbé e. Bí ọkọ bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, ìyàwó á gun orí ibùsùn kí ọkọ lè ráyè na ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ń kàwé, kò sí ẹni tó lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, torí ẹ̀yìn àga rẹ̀ ló dí i. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, nítorí bí aládùúgbò bá wúkọ́, àfi bí ẹni pé inú ìrọ̀rí wọn ló ti wú u.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ọkọ wí. Akunlé ni, ọ̀dà ló ń fi kun ògiri. "Ìlú tó wà lọ́hùn-ún yẹn, iye tí wọ́n ń gbà fún yàrá mẹ́ta níbẹ̀ ò tó iye tí à ń san fún ihò yìí. Ibi táyé bá báni la ti ń jẹ ẹ́."

"Ayé tìẹ rọrùn láti jẹ, bàbá ọmọ mi. Ibi gbogbo ni ògiri wà. Èmi ńkọ́? Ta ló máa gbé ṣòkòtò wá fún mi níbẹ̀?"

"Ṣé ìhòòhò làwọn ará ibẹ̀ ń rìn ni?"

Kì í ṣe aṣọ tuntun ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ń rán. Àtúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń gé èyí tó gùn, ó ń fún èyí tó fẹ̀, ó ń pààrọ̀ síìpù tó ti kú. Ẹ̀yìn káńtà ilé alágbàfọ̀ kan ló ti ń ṣe é, nínú ooru. Kì í rí oníbàárà. Màmá Aláyọ́ọ̀nù, àgbàlagbà obìnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀, ló ń jáde sí wọn tó sì ń fi pínnì sàmì sára aṣọ. Àwọn méjèèjì ti dá èdè kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Pínnì tó bá dùbúlẹ̀ ní ìbú: gé e. Pínnì tó bá dúró ní òró: má gé e, ká a wọlé, kí ẹni tó ni ín lè tú u lọ́jọ́ mìíràn. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan. Ta ló ń kọ bí òun ṣe ń mí sílẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá tó ni ilé alágbàfọ̀ ní òun á máa di aṣọ sínú àpò, òun á sì máa fi í ránṣẹ́ sí i nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú tuntun, Màmá Aláyọ́ọ̀nù ni Ìyá Abẹ́rẹ́ yíjú sí.

"Màmá, ẹ máa wà níbí?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé eegun tó ṣẹ́kù lára mi yìí ló ń wá ìlú tuntun? Máa lọ, ọmọ mi. Pínnì mi kì í purọ́."

Ohun tó gbára lé nìyẹn. Ilé olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ kan, iṣẹ́ ìlú olówó gọbọi lọ́wọ́ kejì. Bí ọ̀kan bá bọ́, òun náà bọ́.

Yàrá mẹ́ta náà gba wọ́n bí kóòtù bàbá ṣe ń gba ọmọ. Wọ́n tẹ́ ibùsùn sí ọ̀kan, wọ́n tẹ́ ti ọmọ sí èkejì. Kò pẹ́ tí ọmọ fi wọ́ tìmùtìmù rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri nípọn, kò sí aládùúgbò tó ń gbọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ a máa tètè jí láti lọ bá bọ́ọ̀sì tí kò wọ̀ mọ́. Á wọ bàtà. Á bọ́ bàtà. Á ti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò rántí ohun tó jẹ́.

"Jókòó, jọ̀ọ́," ni ọkọ wí, ọ̀dà funfun nínú irun rẹ̀. Iṣẹ́ ti ń wọlé fún un. Ilé tuntun ń hù káàkiri bí olú. "O máa fẹsẹ̀ họ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yìí tán."

"Ilé wa ni mò ń wọ̀n."

"Ṣé ó fẹ̀ jù ni? Ká bá ọ fún un díẹ̀?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé pátákó kékeré iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan ti òdìkejì òpópónà wá, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Kí n sanwó kí wọ́n tó ká etí ṣòkòtò fún mi? Àǹtí, ọwọ́ mi ò tíì rọ." Kò sí àrankàn níbẹ̀. Ìlú tí ilé ti di pọ́ọ́kú, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti di pọ́ọ́kú. Àwọn tó máa ń gbani nímọ̀ràn pé ká kó lọ síbi tó dẹrùn kì í sọ apá kejì yìí.

Ó wá ku àpò. Àpò ń wá, àpò ń lọ. Pínnì Màmá ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ń dáhùn. Títí di ọjọ́ tí kóòtù dúdú kan wà lókè àwọn yòókù. Ọrùn rẹ̀ ti gbó díẹ̀, bí ohun tí ẹnì kan ti wọ̀ ṣáájú ẹni tó ń wọ̀ ọ́ báyìí. Pínnì ìbú ló wà ní apá rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Abẹ́rẹ́ yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Irú kóòtù báyìí, kíká ni wọ́n sábà máa ń ká a. Ó pe ilé alágbàfọ̀. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Awakọ̀ tó máa gbé àpò padà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Pínnì Màmá kì í purọ́. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e.

Nígbà tí àpò dé ọ̀hún, Ọ̀gá pè. Kò kí i.

"Ta ló ní kí o gé kóòtù oníkóòtù?"

"Pínnì ìbú ni mo rí, sà."

"Kí ni wọ́n ń pè ní pínnì ìbú? Pínnì ni pínnì! Kóòtù bàbá oníbàárà yẹn ni, bàbá sì ti kú. Òun náà ń tọ́jú ẹ̀ de ọmọ tiẹ̀. Ká a, ló ní. Ká a!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún Màmá ní fóònù."

"Màmá ti lọ. Owó ilé tiẹ̀ náà lé. Ó ti kó lọ bá àbúrò ẹ̀. Ọmọbìnrin tuntun kan ló wà ní káńtà."

Ẹ wo ìlú yẹn: ó yọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kúrò, ó yọ ẹni tó ń gbọ́ kúrò, ó wá ń bínú pé wọn kò gbọ́ ara wọn yé.

Ọ̀gá ní àpò kò ní wá mọ́. Bí Ìyá Abẹ́rẹ́ bá ṣì fẹ́ iṣẹ́, kó wá fojú ara rẹ̀ rí oníbàárà. Yàrá kan wà lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ń kó ọṣẹ àti àgbékọ́ aṣọ sí. Ó lè máa sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. Òun kò sì ní gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń ṣàánú ló fi sọ ọ́.

"Nítorí ká lè jọ máa gbé la ṣe kó wá síbí," ni ọkọ wí.

"Nítorí ká lè rílé gbé ni. Tí kò bá sí ilé tuntun mọ́ tí wàá kùn, ta ló máa san ti yàrá mẹ́ta?"

Ọkọ ń họ ọ̀dà kúrò léèékánná. Ọmọ wọn ló sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ̀yin á wà nínú ẹyọ kan, àwa á wà nínú mẹ́ta?"

"Inú ẹyọ kan náà ni kẹ́yin náà máa sùn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ bá mi fi méjì tó kù sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé ó wọ bàtà, kò bọ́ ọ mọ́.

Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀, kò lè na ẹsẹ̀ tán láàárín páálí ọṣẹ. Èyí kò dà á láàmú; ó mọ bí a ṣe ń gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe ọmọbìnrin tuntun, ó da pínnì sórí káńtà. Ìbú, gé e. Òró, ká a. Ọmọbìnrin náà ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ló bá béèrè:

"Àǹtí, tí owó ilé tèmi náà bá lé ńkọ́?"

"Kọ́ ẹlòmíì kó o tó lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó dúró ní káńtà wo aago rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yí etí ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì rẹ síta, kí o wo okùn tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló rán an. Lọ síbi tí o ti gbà á, kọjá káńtà, wá ẹni náà kàn, kí o bi í pé níbo ló sùn mọ́jú. Má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dá ọ lóhùn.